Ilé tuntun ní Richmond àbí ilé àgbà ní Missouri City? Táàsì ilé fẹ́ dà mí lórí rú

Ọkọ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Houston àti agbègbè ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n àgbà ni mò ń wá. Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti wà nínú apátímẹ́ǹtì ní Alief, landlord tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó lé e, ìyẹn ló jẹ́ ká ní ó tó gẹ́ẹ́, ká kúkú ra tiwa. Ilé méjì la ti rí. Àkọ́kọ́, ilé tuntun ni, wọn ò tíì kọ́ ọ tán gan-an, ẹ̀yìn Richmond lọ́hùn-ún, 340,000 dọ́là, yàrá mẹ́rin, kíṣìnnì tó ń dán bíi dígí, builder sì ní òun á fi fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe èènì. Ìkejì, Missouri City ni, 1994 ni wọ́n ti kọ́ ọ, 345,000, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti gbó, ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀kan ó ní òun ò pa dà síbẹ̀ mọ́.

Obìnrin tó ń bá builder tajà ní táàsì ilé tuntun yẹn ò ju 1,330 lọ lọ́dún, ó ṣí i lórí fóònù ẹ̀ fi hàn mí. Ti Missouri City, ẹni tó ń tà á ń san 4,900. Ẹ ò wá rí i pé ti tuntun ló yá? Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fura. Màmá mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti pé ọdún 68, ìyàwó mi sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Medical Center. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Cypress:
Àbúrò, fura o. Ilẹ̀ nìkan ni 1,330 yẹn, kò sí ilé nínú ẹ̀. Ní Texas níbí, ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ ní January 1 ni wọ́n ń díye lé fún gbogbo ọdún yẹn. Tó bá jẹ́ koríko ló wà níbẹ̀ ní January 1, owó orí koríko lo máa san. Tó bá di January tó tẹ̀ lé e, wọ́n á rí òrùlé, wọ́n á rí gáréèjì, ìgbà yẹn lo tó máa mọ iye tó ń jẹ́ ilé. Obìnrin yẹn ò parọ́ fún ẹ o, ó kàn gé òótọ́ sí méjì fún ẹ lápá kan ni.

Màmá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí léṣe. 2021 la ra ilé tuntun níhà Katy, a ń san 2,100 lóṣù, mọ́gééjì, táàsì, inṣọ́ránsì, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo ti ń ṣe yàngà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé owó ilé mi ò tó rẹ́ǹtì àwọn kan. Àfi bó ṣe di 2023, mo tibi iṣẹ́ dé, mo já lẹ́tà báǹkì, wọ́n ní escrow wa, ìyẹn àpò tí báǹkì ń tọ́jú owó táàsì àti inṣọ́ránsì sí, ti wọ gbèsè, pé láti oṣù tó ń bọ̀ 3,200 la ó máa san. Mo ní wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì ni. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mo ka lẹ́tà yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọ ń pariwo ebi, mi ò gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé owó orí ilẹ̀ lásán ni báǹkì fi ń ṣírò tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí táàsì ilé odindi wá jáde wọ́n bá wa san án, wọ́n wá yíjú sí wa. Owó ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà pọ̀, ti ọdún tuntun, àti gbèsè ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n pín sí oṣù 12. Odindi ọdún kan lọkọ mi fi ń wa Uber lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Builder mọ̀, agent mọ̀, ẹnì kankan ò lanu.

Tó bá jẹ́ tuntun lẹ máa pa dà rà, ẹ sọ fún báǹkì látọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ síwèé pé iye ilé tó ti parí ni kí wọ́n fi ṣe escrow. Bí wọn ò bá gbà, ẹ máa tọ́jú ìyókù fúnra yín sínú àkáǹtì míì tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì:
Ha, 2,100 di 3,200! Ẹ̀rù ti wá bà mí báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye tó máa jẹ́ gan-an?

Ṣùúrù77:
Má da ara ẹ láàmú, ìṣirò ọmọ praímárì ni. Lọ sórí wẹ́ẹ̀bù appraisal district, àwọn tó ń díye lé ilé, ti káúńtì yẹn (Fort Bend ni ti Richmond), wá àdírẹ́sì ilé kan tó wà lójú títì yẹn kan náà, àmọ́ kó jẹ́ èyí táwọn èèyàn ti ń gbé inú ẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta. Wàá rí gbogbo àwọn tó ń bù nínú ẹ̀: káúńtì, school district, MUD (àjọ omi àdúgbò), àtàwọn yòókù. Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Missouri City náà kó o wá gbé e wá síbí.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì:
Mo ti rò ó. Ti Richmond 2.95, ti Missouri City 2.15. Ìyẹn ò kúkú fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àbí?

Ṣùúrù77:
Ó jìnnà o ọ̀gá mi. 2.95 dọ́là lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan nìyẹn. 340,000 nígbà 2.95 lórí 100, ó di 10,030 lọ́dún. 345,000 nígbà 2.15, ó di 7,417. Ìyàtọ̀ ẹ̀ lé ní 2,600, bíi 218 lóṣù, lóṣooṣù, láì dáwọ́ dúró. Fíríìjì tí wọ́n fún ẹ ti tán lórí ìyẹn kí ọdún kan tó pé.

Homestead á dín in kù díẹ̀ fún ẹ lápá méjèèjì. Tó bá jẹ́ ibi tí ìwọ fúnra ẹ ń gbé ni, wọ́n á yọ 140,000 kúrò nínú iye ilé kí school district tó ṣírò tiwọn. 100,000 ni látọdún 2023, oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n dìbò sọ ọ́ di 140,000. Ká ní dọ́là kan lórí 100 ni school district ń gbà, 1,400 lo jèrè nìyẹn. Richmond di 8,630, Missouri City di bíi 6,020. Ìyàtọ̀ àárín wọn ò yí pa dà.

Ibi tí 0.80 yẹn ti wá, MUD ni. Ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sí yẹn, òde ìlú ni, kò sí ìlú tó fa omi débẹ̀. MUD ló ń yáwó láti fi ri páìpù omi, láti gbẹ́ gọ́tà àti ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá ra ilé lẹ ó máa san gbèsè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ta ilé gbọ́dọ̀ fún ẹ níwèé kan tó sọ gbogbo ẹ̀ kó o fọwọ́ sí i kó o tó rà á. Ìwé náà máa ń wà láàárín ìwé mìíràn tó pọ̀ bíi Bíbélì, àwọn èèyàn á kàn ṣáà máa fọwọ́ sí i lọ.

Bàbá Rosharon:
Ẹ rọra o, ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé gbígbó. MUD máa ń wálẹ̀. Nígbà tí mo kó dé ibi tí mò ń gbé yìí, 1.40 ni MUD wa, ilé ò ju ogójì lọ lójú títì. Nígbà tí wọ́n kọ́lé kún ibẹ̀, tá a wá pọ̀ tá a jọ ń gbé gbèsè náà, ó ti di 0.85 báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun kó bèèrè pé MUD yẹn ti tó ọdún mélòó, ilé mélòó ló kù kí wọ́n kọ́.

Ilé àgbà náà ní táàsì tiẹ̀ tí káúńtì ò ní kọ síwèé fún yín. Kí n tó wá síbí, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1989 ni mo rà, ọdún kejì ni ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ Houston, amọ̀ ni, tí ọ̀dá bá dá á sún kì, tójò bá rọ̀ á wú. Foundation gba 14,000 lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ẹ̀ ni AC kú, nínú oṣù kẹjọ o! Ọjọ́ mẹ́ta la fi sùn sí pálọ̀ níwájú fáànù bí ẹni tó wà ní Mushin.

Ẹ̀gbọ́n Cypress:
Bàbá Rosharon, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ foundation, ẹ̀ẹ̀kan lẹ tún un ṣe. Táàsì ń bọ̀ lọ́dọọdún.

Bàbá Rosharon:
Ẹ̀ẹ̀kan tó gba 14,000, ìyẹn ju ọdún márùn-ún ìyàtọ̀ táàsì tí Ṣùúrù ṣírò lọ. Ẹ jẹ́ kó mú inspector lọ ni mo ń sọ.

Alhaja Bissonnet:
Ọkọ Nọ́ọ̀sì, gbọ́ mi dáadáa ọmọ mi. 4,900 tí ẹni tó ń ta ti Missouri City ń san, ìwọ ò ní san iye yẹn o. Homestead tiẹ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti ju 65 lọ. Ẹni tó bá ní homestead, wọn ò lè fi ju 10% lọ kún iye tí wọ́n ń gba táàsì lé lórí lọ́dún kan, bó ti wù kí ilé gbówó lórí tó. Tó bá wá ti pẹ́ níbẹ̀, iye tó ń san táàsì lé lórí á kéré sí iye ọjà gan-an. Ọjọ́ tó bá tà á, ààbò yẹn bá a lọ ni. January tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tìẹ lórí iye ọjà. 6,000 tí Ṣùúrù ṣírò ni kó o fọkàn sí, má wo ìwé onílé.

Tó o bá ti rà á, kọ fọ́ọ̀mù homestead fúnra ẹ, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á máa kọ lẹ́tà tó jọ ti ìjọba sí ẹ pé kó o mú owó wá káwọn bá ẹ ṣe é, da irú ẹ̀ nù. Gbogbo April, tí ìwé iye ilé bá ti dé, ṣe protest, ìyẹn ni pé kó o ta ko iye tí wọ́n kọ. May 15 ni gbèdéke, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ sígbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, èyí tó bá gbẹ̀yìn. Èmi tí mi ò kàwé rẹpẹtẹ yìí, ọdọọdún ni mò ń lọ. Mo gbé fọ́tò ògiri mi tó lanu dání, mo gbé ìwé iye tí ẹni tó fẹ́ bá mi tún un ṣe ní kí n san, mo tún kọ iye tí wọ́n ta ilé mẹ́ta ládùúgbò mi sílẹ̀. Ọmọkùnrin òyìnbó kan ló jókòó níwájú mi, ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó yọ 31,000 kúrò nínú iye ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé. Aládùúgbò mi tí ilé wa jọra bí ìbejì, kò lọ torí ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, ó ń sanwó ju mi lọ títí dòní.

ỌmọÈkó_Peckham:
Ẹ̀yin ará Texas, ẹ kú ìfaradà o. Ní London níbí, council tax wa, iye tí ilé tó ní April 1991 ni wọ́n ṣì fi ń pín in sí band A títí dé H, ilé tí wọ́n kọ́ lánàá gan-an, wọ́n á ní ká ní ó ti wà ní 1991 èló ni ì bá jẹ́. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló sì ń san án níbí, tẹ́náǹtì ló ni í, landlord ń fẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ lọ.

Omidan Alief:
Àwa tẹ́náǹtì tibí náà ń san án jàre, kò kàn sí orúkọ wa lórí ẹ̀ ni. Kí lẹ rò pé landlord Ọkọ Nọ́ọ̀sì fi ń fowó kún rẹ́ǹtì? Apátímẹ́ǹtì ò ní homestead, kò sí ohun tó ń dá a dúró sórí 10% bíi tilé tí onílé fúnra ẹ̀ ń gbé.

ỌmọÈkó_Peckham:
Ẹ bá mi sọ ọ́ fún bọ̀dá mi l'Ékòó. 2018 tí wọ́n gbé Land Use Charge tuntun jáde, ó pariwo pé kò sírú ẹ̀ rí láyé. 10,000 dọ́là! Á dákú ni.

Bowie tẹ́lẹ̀, Pearland báyìí:
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí ẹni tó bá ń ti ìpínlẹ̀ míì bọ̀ lè bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Maryland la wà, Prince George's, ìpínlẹ̀ ń gba tiẹ̀ nínú owó oṣù, káúńtì tún ń gba 3.2% lórí ẹ̀. Gbogbo èèyàn ní máa bọ̀ ní Texas, kò sí income tax. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà níbí, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn. Ilé la rà tó gba gbogbo ẹ̀ pa dà.

Èmi ò kábàámọ̀ o, ilé tá a ní níbí, owó ẹ̀ ò lè ra gáréèjì ẹ̀ ní Bowie. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, income tax á dúró, torí kò síbi tó fẹ́ mú un. Táàsì ilé ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Oṣù méje ni mo fi wà nílé ní 2024, táàsì yẹn ò fò mí dá lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní New Jersey, níbi tí ìpíndọ́gba táàsì ilé lórí ìdílé kan ti kọjá 10,000 lọ́dún 2024, ó ní òun ò kúrò títí àwọn ọmọ á fi jáde ilé ìwé, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ni òun á tà á. Àwọn tó ń bá a gbé ojú títì yẹn náà, èrò ọkàn wọn nìyẹn. Tọ́mọ bá ti jáde báyìí, pátákó For Sale á yọ.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ní ẹni tó bá ti ju 65 lọ ń jẹ àǹfààní míì. Ṣé mo lè fi orúkọ Màmá sí ilé náà?

Omidan Alief:
Ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìwé ilé ni mo wà, ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ìbéèrè yìí. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ti pé 65, wọ́n á tún yọ 60,000 sí i lórí ti school district (10,000 ni tẹ́lẹ̀, ìbò 2025 yẹn náà ló gbé e sókè), owó school district á sì dì síbi tó wà, kò ní lọ sókè mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá kọ́ yàrá kún ilé. Owó táàsì náà, wọ́n lè san án lẹ́ẹ̀mẹrin. Àmọ́ Màmá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó nilé lóòótọ́, orúkọ wọn á wà lórí deed, ìyẹn ìwé ilé, ibẹ̀ ni wọ́n á sì máa gbé. Tí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ sílé, kò burú, bí kò bá ti tó ọdún méjì tí wọ́n sì ní lọ́kàn láti pa dà. Ẹ bi báǹkì kẹ́ ẹ tó fi orúkọ kankan sí i.

Alhaja Bissonnet:
Kó o tó fi orúkọ Màmá síwèé, ẹ̀yin ọmọ mélòó ni? Torí ọjọ́ tí Màmá bá lọ, apá tiwọn nínú ilé yẹn di ogún. Mo mọ ìdílé kan níbí tí àbúrò ọkùnrin ti ti Ìbàdàn pè pé kí wọ́n ta ilé kóun gba tòun. Nítorí táàsì ni wọ́n ṣe fi orúkọ ìyá síbẹ̀. Wá lọ́yà kó bá ẹ kọ ọ́ dáadáa.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì:
Mẹ́fà ni wá, Alhaja.

Alhaja Bissonnet:
Hẹ̀n-ẹ́n.

Bàbá Ṣadé:
Mo ti ń ka èyí látàárọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan. Àwa tá a ti san mọ́gééjì tán, ẹ ṣọ́ra. Mo san tèmi tán ní 2022, mo pa ewúrẹ́, mo dúpẹ́. Mi ò rántí pé báǹkì ló ń bá mi san táàsì látọjọ́ yìí, àti pé bí mo ṣe sanwó tán, èmi náà ni mo kù. Bílì lọ sí àdírẹ́sì mi àtijọ́. January 31 ni ọjọ́ ìkẹyìn, February 1 wọ́n ti fi 7% lé e, oṣooṣù ló ń gùn sí i, nígbà tó fi máa di July, 18% ti wà lórí ẹ̀, wọ́n tún gbé e fún lọ́yà tó ń gba 20% tiẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀. Mo lọ bá wọn pé mi ò rí bílì, wọ́n ní òfin ò bèèrè bóyá mo rí i. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo nilé, káúńtì ló tún jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bá mi ní in.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A bi obìnrin ti builder pé MUD ti tó ọdún mélòó, ó ní ọdún kìíní rèé, ilé tó lé ní 600 ló kù kí wọ́n kọ́. Mo tún ní ká wa mọ́tò láti Medical Center débẹ̀ ní aago méje àárọ̀ tí ìyàwó mi máa ń jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ó sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká tó débẹ̀, nígbà tó jí ó ní ṣé a ò tíì dé ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká pa dà lọ wo ti Missouri City. Inspector ní foundation dára, AC ló ti darúgbó, wọ́n yọ 6,000 kúrò nítorí ìyẹn. Orúkọ èmi àti ìyàwó mi nìkan la fi síwèé, ti Màmá ṣì dúró ná. Closing, ọjọ́ tí a máa fọwọ́ síwèé gba ilé, di ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò ní kó ìkòkò kankan wọlé àfi tí mo bá tún ọgbà yẹn ṣe.

Omidan Alief:
Ẹ kú oríire! Ẹ yí àdírẹ́sì tó wà lórí driver's license yín pa dà kẹ́ ẹ tó kọ homestead, tí kò bá bá ti ilé mu wọ́n á dá a pa dà.

Bàbá Rosharon:
Mo ní ẹni tó ń ṣe ọgbà onípákó, kò wọ́n. Yẹ inbox ẹ wò.